Ohun Tó Bá Ojú, Á Bá Imú

Bí ojú bá ń sunkún, ẹ wo imú dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò nà án, ẹnikẹ́ni ò bú u, síbẹ̀ ikun á máa dà ní tirẹ̀. Òun làwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ohun tó bá ojú, á bá imú. Ọmọ ìyá méjì la sábà máa ń pa á fún, tàbí onílé àti ayálégbé. Èmi fẹ́ pa á lónìí fún ogun tó ń jà níbi tí ẹsẹ̀ wa ò dé.

Ní ọdún 2022, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine, mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá kan ní ìkòríta wa. Owó rẹ̀ ti gun òkè, búrẹ́dì fúnra rẹ̀ sì ti fúyẹ́ lọ́wọ́ bí òwú. Mo béèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ogun ni o. Àwọn tó ń ṣe é ní ogun ló gbé fúláwà lọ sókè." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Olóko àlìkámà ńlá ni Rọ́ṣíà àti Ukraine, òkè òkun la sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń lọ̀. Ìyá yẹn lè má mọ apá ibi tí Ukraine wà. Ogun ti mọ ilé wọn ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ rí ìdí òwe yìí, ogun Hítílà, Ogun Àgbáyé Kejì, ni ká padà sí. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939, Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Jámánì. Wọn ò bi Èkó léèrè, wọn ò bi Kánò. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la wà nígbà náà, nítorí náà láti ọjọ́ yẹn ni ogun náà ti di tiwa.

Ìdí ààrò ló kọ́kọ́ dé. Ìyá tó bí bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ iyọ̀ ìgbà yẹn tán lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ ọ̀hún wọ́n bí ojú. Ìwọ̀nba ṣíbí kan ni wọ́n á rà, wọ́n á dì í sínú ewé. Tí wọ́n bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, wọn kì í ju ewé nù. Inú ìkòkò yẹn náà ni wọ́n ti máa ṣan án, kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn má bàa ṣòfò. Wọ́n á wá nà án sí oòrùn, nítorí iyọ̀ mìíràn ṣì máa wọ inú ewé kan náà.

Ní Èkó, gàrí ló di ìjà. Ìjọba fi òyìnbó kan, Captain Pullen, ṣe alákòóso iye owó oúnjẹ. Iye tí wọ́n dá lé gàrí ò tó nǹkan tí àwọn obìnrin fi ń rà á lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Ẹni tó bá tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́. Ni gàrí bá sá kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, ó sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alimotu Pelewura ni olórí àwọn obìnrin ọjà nígbà náà. Ẹja ló ń tà ní ọjà Ereko, kò kàwé. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kojú ìjọba ní ìparí ọdún 1940, nígbà tí wọ́n ní kí obìnrin tó bá ń pa ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Wọ́n dà lọ bá àwọn aláṣẹ, ìjọba sì yí i padà: obìnrin tó bá ń pa ju £200 lọ nìkan ni yóò san. Lórí ọ̀rọ̀ gàrí yìí náà, wọn ò gbà. Ẹni tó ru gàrí láti oko ló mọ iye tó yẹ kó ta kóńgò kan, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Àfìgbà tí ogun parí ní 1945 kí wọ́n tó ká ìlànà náà kúrò nílẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì ni. Àwọn aláṣẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin ọjà. Àwọn obìnrin náà gba ọ̀dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn ìyá tó mọ̀wé nìkan tẹ́lẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún ìyá oníìrẹsì. Wọ́n pariwo títí tí wọ́n fi dá ìrẹsì gbígbà náà dúró. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bí ọ̀rọ̀: ẹgbẹ́ kan náà ló gbé ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin dìde ní 1947, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Póláńdì, ààfin Aké ni jìnnìjìnnì rẹ̀ dé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí. Tí ogun bá ń jà lókèèrè, ẹ má fi ojú sí rédíò nìkan. Ẹ wo ọjà, kí ẹ sì wo irú òfin tí wọ́n ń fi orúkọ ogun ṣe nílé. Michael Imoudu tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ò bá Hítílà mulẹ̀. Owó ọ̀wọ́n ọjà ló ń béèrè fún àwọn tí owó iṣẹ́ wọn dúró sójú kan nígbà tí oúnjẹ ń sáré. Òfin ogun ni wọ́n fi mú un ní 1943, wọ́n sì fi í pamọ́ sí Auchi. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà dé Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, oṣù ọ̀hún ò sì tíì parí tí ìyanṣẹ́lódì gbogbo gbòò fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀ ní Èkó. Ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Japan gba Màláyà ní 1942, ọ̀nà kuza, irin agolo, sì dí mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nǹkan bí 100,000 ọkùnrin ni wọ́n fi tipátipá kó lọ wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò fojú kan ilé mọ́. Ìbọn ò dún létí wọn rí.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọgbọ́n náà ni pé kéèyàn tètè béèrè: ta ni yóò san owó ogun yìí, ìgbà wo sì ni òfin rẹ̀ máa kúrò?

Kí a béèrè ìlérí pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Attlee, igbákejì Churchill, wá sọ fún àwọn ọmọ WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà nídìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pé aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, Churchill dìde nílé aṣòfin, ó ní àwọn ará Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hítílà lòun ń bá wí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Irú ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira wa, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944.

Lẹ́yìn ìlérí yẹn náà, àwọn ọmọ wa ṣì wọkọ̀ lọ bá Gẹ̀ẹ́sì jagun ní Burma, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Isaac Fádóyèbò láti Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan lúgọ dè wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sínú igbó. Àgbẹ̀ kan lábúlé ibẹ̀ tó ń jẹ́ Shuyiman gbé oúnjẹ wá fún un, nígbà tó yá, ó fi òun àti ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ Sàró (Sierra Leone), pa mọ́ sílé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá rí wọn, gbogbo ilé ló lọ. Ogun náà kì í ṣe ti Shuyiman, kì í ṣe ti Fádóyèbò. Àwọn méjèèjì jọ jẹ ìrẹsì ogun ẹlòmíràn títí oṣù Kejìlá. Tí mo bá ń ka ìtàn yìí, ara mi kì í gbà á. Ìyàwó àti ọmọ wà nílé tí ọkùnrin yẹn fi àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ pa mọ́ sí!

Fádóyèbò padà dé ní 1945, ó ń tiro. Àwọn ológun kó orúkọ ibi tí wọ́n ti jà bọ̀ wálé: Arakan di orúkọ bárékè ní Àpápá, Dodan di ti Ìkòyí. Láti Dodan Barracks yìí ni àwọn ológun ti ń pàṣẹ fún gbogbo Nàìjíríà láti ọdún 1966, àyàfi ìgbà tí alágbádá ṣèjọba láàárín 1979 sí 1983, títí ìjọba fi kó lọ sí Àbújá ní 1991. Orúkọ ibì kan ní Burma ni Dodan.