Opó ẹni tí wọ́n pa ńkọ́?

Ní Jámánì, Pólándì àti ilẹ̀ Czech, àwọn àgbélébùú òkúta kan wà lẹ́bàá ọ̀nà oko tó jẹ́ pé apààyàn ló sanwó wọn. Láyé ọdún 1300 sí 1500 níbẹ̀, bí ẹnìkan bá pa ẹlòmíì, ìdílé méjèèjì lè jókòó parí ọ̀rọ̀ kí ẹbí òkú má baà gbẹ̀san. Apààyàn á san owó fún opó àtàwọn ọmọ, á ra ìda fún àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì, á sanwó Máàsì fún ọkàn òkú. Nígbà míì, wọ́n á ní kó fẹsẹ̀ rìn ìrìn àjò mímọ́ dé Róòmù tàbí Aachen ní Jámánì. Lẹ́yìn náà ló kan òkúta. Wọ́n gbẹ́ idà tàbí àáké sára àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò ní orúkọ kankan.

(Ẹ má gba gbogbo ìtàn tí wọ́n bá so mọ́ wọn gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ìwé lẹ́yìn, òmíì sì lè jẹ́ ààlà ilẹ̀ lásán.)

Èyí tó ní ìwé lẹ́yìn dáadáa wà ní Berlin, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Marienkirche. Ní àwọn ọdún 1320, nígbà tí Póòpù àti Ludwig ọba Jámánì ń bá ara wọn jà, àwọn ará ìlú lu àlùfáà àgbà Nikolaus ti Bernau pa, wọ́n sì sun òkú ẹ̀. Póòpù fòfin de ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì nílùú náà fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Kí wọ́n tó rí ìdáríjì, wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n ṣe pẹpẹ, wọ́n gbé àgbélébùú kalẹ̀. Gbogbo ìlú ló jẹ gbèsè yẹn, àtẹni tó lù ú àtẹni tó ń wòran.

Ní 1532, òfin Charles Karùn-ún, olú-ọba tó ń ṣàkóso Jámánì, gbé ẹjọ́ ìpànìyàn lé ìjọba lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó lówó ló lè sanwó ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún wá jókòó bi opó pé kí ló fẹ́?

Ní kóòtù tiwa náà, Ìjọba ló ń pẹjọ́, ẹlẹ́rìí lásán ni ẹbí òkú. Wọ́n á ju apààyàn sẹ́wọ̀n, ìyàwó òkú á máa wá owó iléèwé kiri. Èmi ò ní ká fi owó rọ́pò ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ adájọ́ tó lè dájọ́ ikú fúnni, kí ló dé tí kò ní máa yọ owó iléèwé ọmọ òkú lára dúkìá ẹni tó pa bàbá wọn?