Ọ̀dà Kọ́ Ló Ń Ta Ilé n'Ílọrin

Bí ẹnìkan bá ti ní òun fẹ́ ta ilé nílùú Ìlọrin yìí, ọ̀dọ̀ akunlé ló kọ́kọ́ ń sáré lọ. Wọ́n á kun iwájú ilé, wọ́n á fi POP sí pálọ̀, wọ́n á pààrọ̀ géètì, wọ́n á wá jókòó máa retí oníbàárà olówó. Oníbàárà á dé lóòótọ́. Á wo ilé yíká, á yìn ín, á wá béèrè pé, "Alhaji, ìwé rẹ̀ ńkọ́?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti di pé ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn kan ní Kàdúná.

Èrò ọkàn mi ni pé ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó ọ̀dà yẹn lé lórí. Ẹni tó fẹ́ fi mílíọ̀nù lélẹ̀ lè fúnra rẹ̀ kun ilé. Kò lè fúnra rẹ̀ wá ìwé tí bàbá yín kò gbà.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbí, rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ kọ ló wà fún un, tí Mágàjí, ìyẹn olórí agboolé, tàbí àwọn àgbà ẹbí tẹ̀ka sí. Àwọn èèyàn ń fojú tín-ínrín rẹ̀, èmi kì í fojú tín-ínrín rẹ̀ ní tèmi. Oṣù kẹta ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà jáde. Bàbá tó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ nínú ìlú kí òfin yẹn tó dé, òfin náà fúnra rẹ̀ kà á sí ẹni tí gómìnà ti fún ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi hàn pé ilé ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Rìsíìtì yẹn, bíìlì NEPA àtijọ́, fọ́tò ìkómọ tí ògiri ilé hàn lẹ́yìn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ wé àkàrà nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù olóògbé síta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sọ́fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Kí ẹ tó pè é pàápàá, ẹ lọ sí igun ilẹ̀ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá òkúta sọ́fè tí wọ́n rì síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. Kọnkéré kékeré ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀kan tí wọ́n ti sọ di ẹsẹ̀ ààrò. Ẹ ó rí òmíràn tí fẹ́ǹsì aládùúgbò ti gbé mì, tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ yín ti wà nínú ọgbà ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sàn kí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jókòó sọ ọ́ báyìí ju kí sọ́fẹ́yọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á wá já a fún yín. Sọ́fẹ́yọ̀ tiyín náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, tàbí ó ti wọ ojú títì.

Bí ilé bá ti ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, títà rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ìfọwọ́sí gómìnà. Owó kékeré kọ́ o. Ẹ bá oníbàárà sọ ẹni tí yóò san án kí ẹ tó fẹnu kò sí iye ilé, torí ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í dáa.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ilé ogún. Ọmọkùnrin kan ń gbé inú ilé bàbá, ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, ó bá gbàgbé pé ilé òun nìkan kọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ọ̀kan wà l'Ọ́ffà, ọ̀kan wà l'Ékòó. Ó tà á. Kí ẹni tó rà á tó kó ẹrù wọlé, lọ́yà ti kọ lẹ́tà dé. Ẹ má bínú, àwa ọkùnrin la máa ń ṣe èyí jù, a ó ní "kí lobìnrin fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe."

Tó bá jẹ́ pé ìlànà Islam ni wọ́n fi ń pín ogún náà, wọ́n á kọ́kọ́ san gbèsè olóògbé. Ìyàwó, tàbí gbogbo àwọn ìyàwó lápapọ̀, ní ìdá 1 nínú 8 nígbà tí ọmọ bá wà. Bí ìyá olóògbé bá ṣì wà láyé, ìdá 1 nínú 6 ni tirẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Nínú èyí tó bá ṣẹ́ kù, ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ó gba ìlọ́po méjì, kò gba gbogbo rẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìgbómìnà, níbi tí wọ́n bá ti ń pín in ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bí ọmọ fún olóògbé, ẹ rí i pé ẹnìkan láti ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé.

Ti ilẹ̀ ẹbí ni àwọn adájọ́ ti là yékéyéké tipẹ́. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí kan lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí, a jẹ́ pé kò ta nǹkan kan lójú òfin. Oníbàárà gidi mọ èyí, ó kéré tán lọ́yà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ pe gbogbo yín jọ, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó wà lókè òkun, kó kọ̀wé tó fún ẹnìkan láṣẹ láti dúró fún un. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ilé náà ṣe tirẹ̀, kó san ìpín àwọn yòókù fún wọn.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, bí ògiri bá ti là, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Bírìkìlà tí oníbàárà mú dání yóò kan ògiri yẹn ni, yóò sì mọ̀. Tí kànga yín kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni kí ẹ mú èèyàn wá wo ilé, ẹ gbé ìfami lé e lọ́wọ́. Ẹ san gbèsè iná, kí ẹ sì mú ẹ̀rí rẹ̀ dání.

Ayálégbé tó bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ sọ fún oníbàárà pé ó wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa parí. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, oṣù 6 ni nótíìsì rẹ̀ bí kò bá sí àdéhùn mìíràn nínú ìwé yín. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó fún un ní nótíìsì ọjọ́ 7 kí ẹ tó lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má lọ ṣí páànù lórí ẹnikẹ́ni nítorí pé oníbàárà ń kánjú.

Bí ó bá jẹ́ ilé ogún, báńkì ni kí owó gbà wọlé, inú àkáǹtì tí èèyàn bíi mẹ́ta máa ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ajẹ́ǹtì tó bá ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì tòun ná, ẹ kí i pé ó ṣeun, kí ẹ wá ẹlòmíràn.