Mo Wà Nílé, Àmọ́ Iṣẹ́ Ni Mò Ń Ṣe

Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn gbájú mọ́ṣẹ́, fóònù ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Fóònù jẹ̀bi lóòótọ́, mi ò gbèjà ẹ̀. Àmọ́ fún àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, èèyàn ti dá wa dúró kí fóònù tó dún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá fún mi, èmi á wá bá wọn wo àṣìṣe inú ẹ̀. Lójú aládùúgbò, ọkùnrin tí kò jáde láàárọ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Tó bá wá ní kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé bóyá Yahoo ni. Torí náà, kò sẹ́ni tó rò pé òun ń dí mi lọ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, mò ń bọ̀ ní Lagere." "Bọ̀ọ̀dá, tí iná bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan ẹ̀rọ omi." Gbogbo ẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ìṣẹ́jú kan ọ̀hún ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé. Ẹ wò ó: mo wà ní orí kẹta iṣẹ́ ọmọ kan. Ó ní ọdún 2012 ni ìwé kan jáde, ó tún pè é ní 2021 níwájú, mo sì ń wá ojú ewé méjèèjì kí n lè mọ èyí tó tọ̀nà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Kò, kò, kò. "Ẹ bá mi gba kọ́kọ́rọ́ yìí, bàbá àwọn ọmọ á wá gbà á." Kọ́kọ́rọ́ ò wúwo, mo gbà á. Ìgbà tí mo padà jókòó, mi ò mọ ibi tí mo ti rí 2012 mọ́, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Onímọ̀ kan, Sophie Leroy, kọ̀wé lórí irú ẹ̀ ní 2009: béèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí tó lọ dáwọ́ lé òmíràn, apá kan ọkàn ẹ̀ á ṣì wà nídìí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé mo gba kọ́kọ́rọ́ tán, orí mi ò tíì dé.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Ifẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Kí ọdún Ọlọ́jọ́ tó pé, Ọọ̀ni a máa wọlé lọ fún ọjọ́ mélòó kan, kì í rí èèyàn, kó tó gbé adé Aàrẹ jáde. Ta ló jẹ́ lọ kanlẹ̀kùn ní Ẹnuwá pé òun kàn fẹ́ kí Kábíyèsí ní ìṣẹ́jú kan? Babaláwo tó tẹ́ ọpọ́n sílẹ̀ tó ń tẹ ojú odù, ta ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún un? Mi ò fi ara mi wé ọba o, kí wọ́n má lọ ránṣẹ́ pè mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tá a bá nílẹ̀. Ti orí kọ̀ǹpútà la ò tíì kà sí iṣẹ́, torí ẹni tó jókòó tì í, ó jọ pé fíìmù ló ń wò.

Mo wá sọ ọ́ fún gbogbo ilé: tí ilẹ̀kùn mi bá wà ní títì láàárọ̀, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tó bá di aago méjìlá, ẹ wọlé. Àwọn kan ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́dọ̀ ìyá onígaàrí ìsàlẹ̀ báyìí, bàbá àwọn ọmọ sì ń rí i gbà.

Ti fóònù ò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Láti 2020 ni WhatsApp ti jẹ́ kéèyàn lè pa ohùn gúrúùpù títí láé. Mo pa ti ẹbí, mo pa ti ìjọ. Ìpè ni mi ò pa. Ẹni tó ní ìyá arúgbó ní Iléṣà kì í pa fóònù. Àwọn kan ní kí n máa lo ọgbọ́n pé kéèyàn ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25 kó wá sinmi díẹ̀, èyí tí Francesco Cirillo, ará Ítálì, fi aago ìdáná tó rí bíi tòmátì dá sílẹ̀. Ó dáa fún ẹni tí iná ẹ̀ kì í lọ. Níbí, iná ló ń pín àsìkò fún wa. Tó bá dé láago méjì òru, iṣẹ́ yá nìyẹn.

Àgbàlagbà tó bá kanlẹ̀kùn, màá ṣí i, màá dọ̀bálẹ̀, màá gbé àga. Mi ò bá ìyẹn jà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń sọ pé "mo kàn ní kí n yà kí ẹ" láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, màá kà á tó bá dọ̀sán.