Ogun Niger: Èló ni, ta ni yóò san án, ọjọ́ wo ni wọn yóò padà?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2023, Abdel-Fatau Musah, kọmíṣọ́nnà àjọ ECOWAS fún ètò òṣèlú, àlàáfíà àti ààbò, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Accra, ó ní àwọn ti mú ọjọ́ ìkọlù sí orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí àwọn sójà ti gbàjọba lóṣù Keje, àwọn ò kàn ní í dárúkọ ọjọ́ náà ni. Ọjọ́ kan ṣáájú ìyẹn, olú iléeṣẹ́ ológun wa l'Abuja ka òkú tiwa fáráyé gbọ́: sójà 36. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n kú sí o. Ìpínlẹ̀ Niger ni. Àwọn agbébọn lúgọ dè wọ́n lójú ọ̀nà Zungeru sí Tegina; hẹlikóbítà tó lọ kó òkú àtàwọn tó fara gbọgbẹ́, òun náà já lulẹ̀ pẹ̀lú wọn lábúlé Chukuba, ní Shiroro. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Eku ni wọ́n jókòó lé lórí ní Accra yẹn.

A ò gbè sẹ́yìn Tchiani, ọ̀gágun tó léwájú ìdìtẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ààrẹ ló yí ìbọn sí ààrẹ. Kí ó tú Bazoum, ààrẹ tó lé, sílẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ààrẹ gan-an ni wọ́n há wọn mọ́, nítòsí ìbọn àwọn tó dìtẹ̀. Bí ogun bá dé Niamey, olú ìlú wọn, àwọn mẹ́ta yìí ni yóò kọ́kọ́ kàn.

A ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: Abala 5 nínú ìwé òfin 1999 kò díjú. Sójà Nàìjíríà kankan ò gbọdọ̀ lọ jagun lókè òkun tàbí ní ẹ̀yìn ibodè láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ 2023 ni wọ́n ka lẹ́tà tí Ààrẹ Tinubu kọ lórí ọ̀rọ̀ ogun yìí sétígbọ̀ọ́ Ilé náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kó lọ fi ẹnu yanjú rẹ̀. Èsì nìyẹn. Kí ló tún wá ń fa ọjọ́ ìkọlù?

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan ló wà nínú abala kan náà, òun là ń bẹ̀rù. Bí ewu bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí orílẹ̀-èdè, ààrẹ lè bá Ìgbìmọ̀ Ààbò Ilẹ̀ Wa fikùn lukùn, kó rán sójà lọ fún ìjà tó níwọ̀n, kó tó wá kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Ẹ rò ó pọ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sójà tó ti jagun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé Dosso nínú Niger lọ́hùn-ún, aṣòfin wo ni yóò ní kó ṣẹ́rí padà? Ewu wo ló sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀? Tchiani kò tíì ju òkò lu Nàìjíríà. Ààrẹ Tinubu ni alága ECOWAS lọ́dún 2023 yìí, a mọ̀ pé ó ṣòro kí ẹni tó pe ìjà má dé ojú ìjà. Ìṣòro tirẹ̀ nìyẹn.

Ààrẹ Ouattara ti Côte d'Ivoire ti sọ iye tirẹ̀: bàtálíọ̀nù kan, ọmọ ogun 850 sí 1,100. Senegal àti Benin ní àwọn yóò dá sí i. Cape Verde ní òun ò bá wọn lọ. Mali àti Burkina Faso ní ẹni tó bá wọ Niger ti gbógun ti àwọn náà. Tiwa kò tíì yé ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọrùn Nàìjíríà ni.

Láti Kamba ní Kebbi, gba Gaya, gba Dosso, ó tó nǹkan bíi 300 kìlómítà kí ọkọ̀ tó dé Niamey. Lójoojúmọ́ ni dísù, omi, oúnjẹ àti ọta ìbọn yóò máa tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Afárá tí wọ́n bá kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sójà sí i, kí ọ̀tá má baà wó o lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ ni àwọn tó ń jà níwájú ń dín kù. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ ní Dosso, hẹlikóbítà ni yóò gbé e wálé. Hẹlikóbítà wo?

Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990 ni ECOMOG, àwọn ọmọ ogun ECOWAS, gúnlẹ̀ sí Monrovia ní Liberia, wọ́n ní àwọn wá ṣọ́ àlàáfíà. Kò sí àlàáfíà kankan níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀, fi wọ ọgbà wọn lọ mú Samuel Doe, ààrẹ Liberia. Ìdìbò tó paná ogun náà di 1997, nígbà yẹn wọ́n ti kó sí ti Sierra Leone. Bílíọ̀nù 8 dọ́là ni ẹnu àwọn aláṣẹ máa ń pè pé ó ná wa. Ìwé ìṣirò rẹ̀ là ń béèrè láti ọdún yìí wá, ariwo ẹnu nìkan là ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó sójà. Ní oṣù Keje 2008, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ àjọ UN ní Liberia dé tú sígboro Àkúrẹ́, wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn lówó àjẹmọ́nú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ ológun rán 27 nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n gbére, kí wọ́n tó wá dín in kù sí ọdún 7. Ìjọba tí kò lè ka owó sójà lé e lọ́wọ́ ló tún fẹ́ rán an níṣẹ́ míì.

Ta sì ni a fẹ́ lọ bá jà? Sójà Niger wà lára àwọn tó gba Damasak ní Borno lọ́wọ́ Boko Haram lọ́dún 2015. Diffa àti Maradi ní Niger ni àwọn ará Borno, Sokoto, Zamfara àti Katsina sá lọ nígbà tí ilé ò rọgbọ. Ìpínlẹ̀ wa méje ló bá wọn pààlà. A já iná mànàmáná wọn lóṣù Kẹjọ 2023. Àwọn aláboyún ilé ìwòsàn ni òkùnkùn bá jà, kì í ṣe Tchiani.

Ilé Aṣòfin Àgbà wà nísinmi di ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2023. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kánjú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ ní Accra, lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa pè wọ́n padà. Kí ààrẹ kọ ọ́ kí sójà kan tó kọjá Illela, ìlú ibodè wa ní Sokoto: iye èèyàn, iye owó, àpò tí owó náà yóò ti jáde, ohun tí ẹbí ẹni tó bá kú yóò gbà àti ọjọ́ tí wọn yóò gbà á, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tí wọn yóò fi gbà pé iṣẹ́ parí. Kí àwọn aṣòfin kà á dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì tún sọ pé rárá.