Ènìyàn 60 Kì í Ṣe Ènìyàn 240

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dátà láti Yábàá dé Akọkà, ta ló kọ́ yín pé tí a bá yẹ BP ẹnì kan wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti di ènìyàn mẹ́rin?

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi, ó ń ṣe Masters. Aláìsàn 60 ló tẹ̀lé. Ó ń pe 30 lórí fóònù láti rán wọn létí oògùn, 30 yòókù kò rí ìpè kankan. Ó yẹ kí gbogbo wọn wá fún àyẹ̀wò BP lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Èkó: òjò á rọ̀, ọ̀nà Ìkòròdú á dí, ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 12 á kúkú yí padà sílé. Àlàfo wá pọ̀ nínú dátà náà. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e fún ro iye tó wà nílẹ̀ pọ̀, ó pín in, ó fi dí gbogbo àlàfo. Ó wá ṣe t-test, ìṣirò tó ń fi ẹgbẹ́ méjì wéra: N, ìyẹn iye ènìyàn, jẹ́ 240, p-value (bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣèèṣì wáyé tí ìpè náà kò bá ṣe nǹkan kan) kéré bíńtín, inú gbogbo ayé dùn.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. “Bọ̀dá mi, bí SPSS ṣe gbé e jáde nìyẹn.” SPSS, sọ́fítíwia ìṣirò lásán, ló rán an níṣẹ́ ni?

Ẹni tí BP rẹ̀ ga lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa tún sọ lóṣù tó ń bọ̀. Ká ní ìjọra àárín ìwọ̀n ẹnì kan jẹ́ 0.6 (0 ni pé kò jọra rárá, 1 ni pé ó jọra délẹ̀): 1 + 3 × 0.6 jẹ́ 2.8; ìwọ̀n mẹ́ta yòókù ni 3 yẹn. Tí ẹ bá ń fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì, ẹ fi 2.8 pín 240 yẹn, ó kù bí ìwọ̀n 86 tí kò gbára lé ara wọn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àbúrò mi tún ní kó lo repeated measures ANOVA (ìṣirò fún ìwọ̀n tí a ṣe léraléra lára ẹnì kan náà), kó yọ ẹnikẹ́ni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn tí ara wọn kò yá jù ló máa yọ dànù! Láti 1982 ni Laird àti Ware ti kọ̀wé lórí mixed model, ọ̀nà ìṣirò tó mọ̀ pé ìwọ̀n ẹnì kan náà jọra, tó sì ń lo gbogbo ìwọ̀n tó bá wà, kódà bí ẹnì kan bá wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀fẹ́ ni lme4 tó ń ṣe é nínú R, sọ́fítíwia ìṣirò mìíràn. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó le.

Ibi tí mo ti ń fọ́nnu ni ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìdí-Àràbà ti bi mí pé GEE (generalized estimating equations), ọ̀nà mìíràn fún irú dátà yìí, ńkọ́, torí àbúrò mi tún fẹ́ ka BP sí “ó wálẹ̀” tàbí “kò wálẹ̀”. Níbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì kì í dáhùn ìbéèrè kan náà: mixed model ń sọ nípa aláìsàn kan pàtó, GEE ń sọ nípa gbogbo wọn lápapọ̀. GEE kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba àlàfo mọ́ra.

Mo bi àbúrò mi pé èwo gan-an ló fẹ́ mọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, méjèèjì ni.” Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún un.