Èsì wa sí oníbàárà tí ó dúró ọ̀sẹ̀ méje de táyà ẹ̀yìn Porsche 911

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a kí yín, a sì kí yín kú ìfaradà. A ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ilé ìtajà wa ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní a gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ yín fún táyà ẹ̀yìn méjì ti Porsche 911 Carrera S ọdún 2017 yín, a ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ ní a kọ̀ láti bá yín wá èyí tí ó sún mọ́ ọn, nígbà tí ẹlòmíràn ti ṣe tán láti tà á fún yín ní ọjà Ládípọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní owó ọkọ̀ òfuurufú tí a fi kún un kò sí nínú àdéhùn, ẹ sì ní táyà tí a fún yín nígbẹ̀yìn ti pẹ́ nílẹ̀ nítorí pé ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀sùn mẹ́rin nìyẹn. A jẹ̀bi méjì nínú wọn, a ó sì sọ ọ́ ní gbangba níbí gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ tiyín ní gbangba.

Kò yẹ kí á dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún yín rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba ọkọ̀ yín wọlé ka ọjọ́ bí a ti ń kà á fún ẹni tí ó fẹ́ ra táyà Camry tàbí ti Corolla, èyí tí ó jẹ́ pé bí kò bá sí lọ́dọ̀ wa, yóò wà ní ìsọ̀ kejì. Táyà ẹ̀yìn yín, 305/30 ZR20, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kó kọ̀ǹténà táyà wọ Apápá, ohun tí ọjà ń béèrè ni ó ń rà: 195/65 R15, 205/65 R15, 215/60 R16 àti àwọn ìwọ̀n ti jíìpù. Kò sí oníṣòwò tí yóò ti owó rẹ̀ mọ́ táyà tí ó lè jókòó sí ìsọ̀ fún ọdún kan gbáko kí ẹni tí yóò rà á tó yọjú. Láti ìgbà tí Michelin ti pa iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt tì ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà níbí ní 2008, kò sí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní ìsọ̀ wa tí kò ti òkè òkun wá. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun pàápàá kì í ṣe irú ìwọ̀n yìí lójoojúmọ́. Wọn a ṣe iye kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì fi ẹ̀rọ náà ṣe òmíràn, bí èyí tí ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí àwọn alágbàtà bá sì tán, gbogbo wa ni yóò dúró de ìgbà tí ó tún kàn.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé a kò sọ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, táyà méjì dé láti ọ̀dọ̀ alágbàtà wa ní Yúróòpù. Mo tú wọn fúnra mi. 305/30 ZR20 ni àwọn méjèèjì, Pirelli P Zero ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo rí N1 lára ọ̀kan, mo sì wá a tì lára ìkejì. Bí a ṣe tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹyọ kan nìyẹn. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí ẹ bá pè wá, “ó ń bọ̀ lọ́nà” ni à ń sọ. Òótọ́ ni pé ó ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n irú òótọ́ tí kì í ṣe òótọ́ tán ni, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí i.

Ẹ lè béèrè pé kí ni N kan fẹ́ ṣe fún ènìyàn. Porsche ni ó ń bá àwọn tí ń ṣe táyà dán an wò lórí ọkọ̀ tirẹ̀, èyí tí ó bá yege ni wọ́n ń tẹ N sí lára: N0 ni àkọ́kọ́, N1 ni àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Mercedes ní MO tirẹ̀, BMW ní àmì ìràwọ̀, Audi ní AO. Táyà méjì lè jọra bí ìbejì lójú, kí rọ́bà wọn àti wáyà inú wọn má jẹ́ bákan náà. Porsche kò fẹ́ kí á da N0 pọ̀ mọ́ N1 lórí ọkọ̀ kan, ká má tilẹ̀ sọ ti èyí tí ó ní N àti èyí tí kò ní, tí a wá so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ní ọ̀tún àti òsì. N1 ni táyà iwájú yín méjèèjì, wọ́n sì ṣì dára. (Àwọn kan gbà pé ọgbọ́n àtigbowó ni lẹ́tà yìí. A kò jiyàn pé ó máa ń gbé owó lérí táyà, àwa tí a ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù yín lọ.)

Ní ti Ládípọ̀, a kò jẹ̀bi, bí ó bá sì tún di ọ̀la, ohun tí a ṣe náà ni a ó ṣe. Ẹ má rò pé à ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá. Kòtò ti gbá táyà ẹ̀yìn òsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹyin adìyẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé okùn inú rẹ̀ ti já, tí ó jẹ́ pé rọ́bà nìkan ló kù tí ó dá atẹ́gùn dúró. Ẹ ní ẹyọ kan péré ni ẹ fẹ́ rà, nítorí pé ojú ti ọ̀tún ṣì dára. Lóòótọ́, láti ìta, ó dára. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ sókè tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí etí rẹ̀ tí ó kọjú sínú, wáyà ti yọ síta níbẹ̀, ó rí ṣákaṣàka bí ọwọ̀ tí ó ti gbó. Ẹ nawọ́ kàn án, kíá ni ẹ fa ọwọ́ padà. Bí wọ́n ti to ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni pé orí rẹ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀, kí ó lè di ilẹ̀ mú dáadáa ní kọ́nà, nítorí náà etí inú ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ, ibi tí ẹni tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rí. Ọkọ̀ náà kò sì ní táyà ìpamọ́. Oje tí a fi ń dí ihò àti páńpù kékeré ni wọ́n fi sí i, oje kò sì lè ran táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ọkọ̀ má jáde.

Ẹni tí ẹ bá ní Ládípọ̀ ní 275/35 R20 tòkúnbọ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ fún yín pé ogún náà ni ogún. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pọ̀. 305 ni fífẹ̀ táyà yín ní mìlímítà. 30 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn 91.5. Ríìmù íǹṣì 20 jẹ́ mìlímítà 508. Bí ẹ bá pa ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ríìmù, táyà yín ga tó 691. Ti 275/35 ga ju 700 lọ. Táyà iwájú yín, 245/35, kò pé 680. Èyí ni pé ìyàtọ̀ tí Porsche fi sí àárín iwájú àti ẹ̀yìn, tí kò ju mìlímítà 11 ààbọ̀ lọ, yóò di 21. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín ń ka bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yí, ohun tí ó sì fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń lọ́ra ju bí ó ti yẹ lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí ni kọ̀ǹpútà náà yóò gbàgbọ́ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, tí ẹ sì tẹ bíréèkì lójijì lórí Third Mainland? Ẹ tún wo ríìmù ẹ̀yìn yín: íǹṣì 11 ààbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 292. Bí ẹ bá fi táyà 275 sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò nà tan-tan bí awọ ìlù, ètè ríìmù yóò yọ síta, kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pàdé ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni yóò sì jẹ ẹ́.

Nọ́ḿbà 103Y tí ó wà lára táyà yín náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 103 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 875, Y sì túmọ̀ sí pé ó lè sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ó ń sá 300 ní Èkó, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí táyà gba irú eré bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ kí ó fara da ooru, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín sì wà lẹ́yìn pátápátá, orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo ọkọ̀ ń sùn.

Tòkúnbọ̀ sì tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni SON, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ìdára ọjà, ti gba kọ̀ǹténà táyà tí wọ́n kì sínú ara wọn kí ọ̀pọ̀ lè wọ kọ̀ǹténà kan. Táyà tí wọ́n bá sì ti fi agbára fẹ̀ lójú láti ki òmíràn sínú rẹ̀, wáyà rẹ̀ lè ti ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. A tún ti rí èyí tí wọ́n fi irin gbígbóná gé ojú rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé kò tíì jẹ, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. A kò sọ pé ohun tí ẹni yẹn fẹ́ ṣe fún yín nìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, a kò sì ní so ohun tí a kò mọ̀ mọ́ abẹ́ yín.

Ní ti owó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀bi wa ni. Ẹ wòye pé táyà kan kò wọn tó kìlógíráàmù 15 lórí òṣùwọ̀n, ẹ sì béèrè bí ó ti ṣe di ohun tí a ń gba owó kìlógíráàmù 48 lé lórí fún méjì. Àyè tí ẹrù gbà ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù ń wọ̀n: wọn a mú gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọn a sọ wọ́n di púpọ̀, wọn a pín in sí 6,000. 69 lọ́nà 69 lọ́nà 30 ààbọ̀, kìlógíráàmù 24 ni yóò jáde fún táyà kan, ìyẹn ni wọ́n sì ń gbowó lé. Bí ó ti rí nìyẹn, kò sì sí èrè wa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rìsíìtì tí a já fún yín sọ pé iye náírà tí a kọ yóò dúró fún ọjọ́ méje, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ sí gbogbo rìsíìtì wa láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìpele ara rẹ̀ ní ọjà. Kò sọ pé ẹ ó san owó ẹrù lọ́tọ̀. Ohun tí kò sí nínú ìwé, a kò lè bi yín léèrè rẹ̀. A ti dá gbogbo owó ẹrù náà padà sí àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, a kò sì fi ṣe ẹ̀bùn kí ẹ lè yí ìràwọ̀ yín padà.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2023 kò gùn. 3823 ni nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà yín, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2023. Ẹ gbà á ní oṣù kejì ọdún 2025. Oṣù mẹ́tàdínlógún ni, inú ilé ìkẹ́rùsí ni ó sì wà, kò rí oòrùn. Michelin ń gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá ti ń lo táyà kan fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n máa mú un lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é. Fún ìwọ̀n tí wọn kì í ṣe lójoojúmọ́ bí èyí, oṣù mẹ́tàdínlógún dára. Àwòrán tí ẹ yà ránṣẹ́ sí wa láti Ládípọ̀ ṣì wà lórí fóònù wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì. 2217 ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pé a kò jẹ́ kí fọganáísà yín bá wa so táyà náà. Irin méjì ni òun fi ń yọ táyà, ètè táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú báyìí kì í gba irin láìya, sẹ́ńsọ̀ tí ń ka atẹ́gùn sì wà nídìí ibi tí à ń gbà fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ó máa bá yín wo atẹ́gùn rẹ̀ nígbà tí táyà bá tutù, ìyẹn kò burú.

Láti ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè táyà tí kò sí ní ìsọ̀ wa kò ní gba ọjọ́ kankan lọ́wọ́ wa títí alágbàtà yóò fi ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà náà ránṣẹ́, tí ìwọ̀n, N àti DOT rẹ̀ yóò hàn; fọ́tò yẹn ni a ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fẹ́ rà á kí ó tó san kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra wa ọkọ̀ fún nǹkan bí 200 kìlómítà àkọ́kọ́ lórí táyà tuntun náà, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e wá kí á tún wo bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti tò sí, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé bí kòtò yẹn bá ti yẹ̀ ẹ́, etí inú ni yóò tún kọ́kọ́ jẹ. Táyà àtijọ́ méjèèjì, èyí tí ó wú àti èyí tí wáyà rẹ̀ yọ, ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ kò bá rán ẹnikẹ́ni wá kó wọn títí di ìparí oṣù yìí, a ó gé wọn sí méjì-méjì kí wọ́n má baà tún wọ ọjà.