Àṣírí ọmọ lọ́wọ́ tíṣà: ṣé kí òbí gbọ́ lójú ẹsẹ̀?

Tíṣà Bàọ́lọ́jì: Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àbá kan wà níwájú àwa olùkọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní láti sáà tó ń bọ̀, ọmọkọ́mọ tó bá sọ fún olùkọ́ pé inú òun kì í dùn mọ́, pé òun kì í rí oorun sùn, tàbí pé ayé sú òun, kí olùkọ́ pe òbí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń ṣáájú ọmọ délé, ọmọ á pa ẹnu mọ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà náà pé nǹkan ń ṣe é?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ tí mo bí, tí mo ń bọ́, ayé wá sú u, ẹni tó ń kọ́ ọ ní bàọ́lọ́jì mọ̀, èmi ò mọ̀? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru ńkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà nínú yàrá rẹ̀ ni? Ẹ pè mí. Kódà kó jẹ́ agogo méjìlá òru, ẹ pè mí.

Bàbá Àgbà: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Inú ọmọdé kò dùn lónìí, yóò dùn lọ́la. Ní ìgbà tiwa, a jẹ ìyà, a sì dàgbà. Bí ẹ bá ń bi ọmọ lójoojúmọ́ pé ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé: Bàbá, ẹ kú àgbà o. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni àìsàn. Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jà, tó sunkún fún ọjọ́ méjì, kò nílò mi. Èyí tí mo máa ń ṣọ́ ni ọmọ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí kì í jẹun dáadáa, tó ń sùn ní kíláàsì torí pé kò sùn lóru, tó ti yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ sunkún rárá. Ìbínú ló máa ń bá kiri. Ohun kékeré, ó ti gbaná jẹ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la máa ń fìyà jẹ, la máa ń lé jáde ní kíláàsì, nígbà tó jẹ́ pé ìsoríkọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Àwọn kọ́ ló lọ wá a.

Bàbá Àgbà: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo ọmọ tó ń bínú di aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé: A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà yẹ̀ wọ́n wò.

Ọmọ Ọdún 17: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ìyá, kì í ṣe pé a ò fẹ́ kí òbí wa mọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà mọ̀ ló ń dẹ́rù bà wá. Ọmọ á sọ̀rọ̀ fún tíṣà kan láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo tíṣà ti ń wò ó lójú àánú. Ó dé ilé, wọ́n ti jókòó dè é: “Kí lo lọ sọ nípa wa ní ilé-ìwé? Kí ló kù tí a ò ṣe fún ọ?” Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi í, “Kò sí nǹkan” ni yóò máa dáhùn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí ẹ sọ fún ọmọ náà kí ẹ tó sọ fún ẹlòmíràn.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Bí òbí bá gbọ́ pé ọmọ òun ń ronú ikú, ẹ̀rù ló máa ń bà á, ìbínú làwọn èèyàn á sì rí. Síbẹ̀, ìyẹn ò ní kí wọ́n fi pamọ́ fún mi.

Agbaninímọ̀ràn: Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Àbá yẹn kù díẹ̀ káàtó, torí ó da ọ̀rọ̀ tí kò jọra pọ̀. Níbi tí iṣẹ́ wa bá ti ń lọ déédéé, kí ọmọ tó la ẹnu la ti máa ń sọ fún un pé: “Ohun tí o bá sọ yóò wà láàárín wa, àfi bí o bá fẹ́ pa ara rẹ lára, bí o bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, tàbí bí ẹnì kan bá ń pa ọ́ lára.” Mẹ́ta yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Ìyá, bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ilé-ìwé ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pè yín, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan títí ẹ ó fi dé. Àmọ́ ọmọ tó ní ìdánwò ń já òun láyà, tàbí pé ọ̀rẹ́ òun kẹ̀yìn sí òun, kí lẹ fẹ́ torí ẹ̀ pe òbí kúrò níbi iṣẹ́ sí?

Bí a bá sì máa sọ fún òbí, ọmọ ò lè ní ká má sọ, ṣùgbọ́n ó lè yan bí a ó ṣe sọ ọ́: kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí n wà níbẹ̀, tàbí kí n sọ ọ́ kí òun wà níbẹ̀.

Ibi tí àbá yẹn ti léwu jù ni pé ẹni tó ń pa ọmọ lára lè wà nínú ilé. Ẹni tí ẹ fẹ́ pè lè jẹ́ ẹni tí ọmọ ń sá fún. Nígbà náà, àwọn tí òfin yàn láti dáàbò bo ọmọdé la máa ń ké sí.

Tíṣà Ìṣirò: Ó dára lẹ́nu. Ta ló máa ṣe é? Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ ẹnì kan má ju 250 lọ. Ilé-ìwé tí kò ní ẹyọ kan pọ̀ lọ jàra, tíṣà ni wọ́n sì máa kó o lé lórí. Ìṣirò ni mo kọ́. Ní Bìrìtìkó, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ kí wọ́n lè máa kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi ọkàn balẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 8,000 ló kópa. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2022, ara àwọn ọmọ wọ̀nyí kò yá ju ti àwọn tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ má kàn di iṣẹ́ lé wa lórí kí ẹ sọ pé ọmọ ti rí ìrànlọ́wọ́.

Agbaninímọ̀ràn: Òótọ́ lẹ sọ. Ìwádìí mìíràn jáde ní 2015, orílẹ̀-èdè 10 ní Yúróòpù, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 11,000. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé kan láti máa dá ọmọ tó wà nínú ewu mọ̀. Ìyẹn nìkan kò mú ìyàtọ̀ gidi wá. Ní àwọn ilé-ìwé mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni wọ́n jókòó tì: wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n fi eré ṣàpẹẹrẹ ìṣòro, wọ́n mọ ibi tí èèyàn ti ń wá ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, iye àwọn tó gbìyànjú láti pa ara wọn láàárín wọn tó ìdajì iye àwọn tí kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kó má tó o. Ohun tí ọmọ wa yìí ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn: àwọn ni kí a bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ẹ dúró ná. Wọ́n ń bá ọmọ ọdún 15 sọ̀rọ̀ pípa ara ẹni? Ṣé wọn ò ní fi sí i lọ́kàn?

Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé: Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù nìyẹn, ìyá. Àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí i pé bíbéèrè ń gbin ìrònú náà síni lọ́kàn. Ẹni tó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, ara lè tù ú pé ẹnì kan béèrè. Ohun tó léwu ni kí a máa ṣàlàyé bí ẹnì kan ṣe ṣe é, tàbí kí a máa yin olóògbé bí akọni. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ?” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má wàásù.

Bàbá Àgbà: Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí èyí tí ilé-ìwé lè ṣe láìní agbaninímọ̀ràn?

Nọ́ọ̀sì Ilé-Ìwé: Ó wà, bàbá. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sùn. Wákàtí 8 sí 10 ló yẹ ọmọ ọdún 13 sí 18, bẹ́ẹ̀ ìbàlágà máa ń sún àsìkò tí oorun ń kùn wọ́n síwájú lóru, kì í ṣe orí kunkun nìkan. Láti 2014 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí ilé-ìwé àwọn ọ̀dọ́ má bẹ̀rẹ̀ ṣáájú agogo 8:30 àárọ̀. Kí wọ́n sì fòpin sí kí ọmọ máa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, ní kíláàsì àti lórí fóònù.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Mo fara mọ́ ohun mẹ́ta tí agbaninímọ̀ràn kà sílẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé tí a ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí a bá mú ọmọ wọlé. Kí wọ́n sì fi ẹni tí ọmọ lè lọ bá hàn wá. Àmọ́ ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 17 kì í ṣe ọgbọọgba. Ti kékeré, mo fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọdún 17: Ìyá, ọmọ ọdún 13 náà ní ohun tí kò lè sọ nílé.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Mo mọ̀, ọmọ mi. Mi ò tíì gbà síbẹ̀.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì: Ọjọ́bọ̀ la máa tún jókòó lórí ẹ̀. Màá gbé ohun mẹ́ta yẹn síwájú wọn, àti pé ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa mọ̀, kì í ṣe gbogbo yàrá olùkọ́. Lórí ti ọjọ́ orí, màá sọ fún wọn pé ìyá ọlọ́mọ kan ò gbà.